Igbá Tó Fọ́ Ní Í Gba Kasẹ: Bí A Ti Ń Dá Ìsán Irin Dúró

Kò ní ṣàì ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni ó wá ń sọ̀rọ̀ lórí irin. Ó ya èmi náà lẹ́nu nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó lọ tí mo rò ó bọ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yá láti ara ènìyàn ni ó wà ní ìdí ohun gbogbo tí a fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni àárẹ̀. Wọ́n ní àárẹ̀ a máa mú irin. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ gbọ́ irú èyí kí ó má yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìgbèríko, ọkọ̀ akẹ́rù ni a sábà máa ń wọ̀ lọ sí ìlú ńlá ní ọjọ́ ọjà. Ní ọjọ́ kan, kí a tó gbéra, mo rí awakọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ pa abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ má fòyà. Ṣaṣí ló sán lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn wẹ́dà sì ti jó o. Ó ti wá le ju ti àtijọ́ lọ." A gbéra. A kò tíì rin ìrìn wákàtí kan tí a fi gbọ́ "gbàù!" lábẹ́ wa. Ọkọ̀ tẹ̀ ní ìbàdí, ẹrù dà sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnì kan sì kán. Nígbà tí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Ojú ibi tí wọ́n jó kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ibi tí kò jìnnà sí i tó ìbú ìka kan, ni irin náà ti kán. Èéṣe? Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó rí ẹni tí ó là mí lóye. Òye náà ni mo fẹ́ kí a jọ pín lónìí.

Kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò. Bí igbá, ìkòkò tàbí ògiri bá ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń pín in sí méjì, ṣùgbọ́n tí kò tíì pín in tán, Yorùbá a ní ó sán. Èyí yàtọ̀ sí pé ó fọ́, ó sì yàtọ̀ sí pé ó kán. Ohun tí ó kán, ọ̀rọ̀ ti parí lórí rẹ̀. Ohun tí ó sán ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, n ó máa pe irú ojú tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lára irin ní ìsán, n ó sì máa pe ibi tí ó parí sí nínú irin ní ṣóńṣó ìsán. Inú àlàfo tí ó wà láàrin "ó sán" àti "ó kán" ni gbogbo ọ̀rọ̀ òní wà. Bí a bá lè mú kí àlàfo náà gùn, ẹ̀mí ènìyàn ni a gbà là.

Ní ti àárẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Bí àárẹ̀ bá mú ènìyàn, tí ó jẹun tí ó sì sùn, àárẹ̀ náà a kúrò lára rẹ̀. Àárẹ̀ irin kò mọ oorun. Bí a bá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi fún ọdún kan gbáko, ìsán inú ṣaṣí rẹ̀ kò ní jinná. Irin kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní ẹran tí yóò hù bo ojú ọgbẹ́. Ibi àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀rọ̀ náà ti lè ṣì wá lọ́nà.

Báwo wá ni irin ṣe ń sán? Ẹ mú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ fà á pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Kò ní já. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, yóò dá sí méjì lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe púpọ̀ agbára ni ó dá a, bí kò ṣe àṣetúnṣe. Ẹ̀kọ́ yìí ná aráyé ní ẹ̀mí púpọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú irin kan ń ti Versailles bọ̀ wá sí Paris ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà fi ń yí kán lójijì, iná ṣẹ́ yọ, ènìyàn tí ó lé ní 50 sì kú. Ọ̀pá náà ti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà rí. Lẹ́yìn èyí ni August Wöhler, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin ní Jámánì, fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí títí di ọdún 1870. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ó ń tẹ ọ̀pá irin ní àtẹ̀túntẹ̀, ó sì fi hàn pé ẹrù tí kò tó ohun tí ó lè kán irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè kán an bí ó bá pààrọ̀ lórí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà.

Síbẹ̀, ní ọdún 1954, ẹ̀kọ́ náà tún di tuntun. Bàálù Comet ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí í ṣe bàálù jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí ó ń kó èrò, fọ́ sí méjì sí mẹ́ta ní òfuurufú. Ọ̀kan já sínú òkun nítòsí erékùṣù Elba ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní, ènìyàn 35 sì kú. Òmíràn já nítòsí Naples ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ènìyàn 21 ni ó bá a lọ. Àwọn olùwádìí ní Farnborough gbé odindi Comet mìíràn sínú àgbá omi ńlá, wọ́n ń fún omi sínú rẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún inú bàálù ní gbogbo ìgbà tí ó bá fò tí ó sì balẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé ìgbà 3,057, àti èyí tí ó fò ní tòótọ́ àti èyí tí wọ́n fi omi ṣe, ara rẹ̀ ya. Igun ojú fèrèsé ni ìsán náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ igun yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà wá bá a.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé, bí ìsán bá ti wà, báwo ni yóò ṣe yára tó? Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Paul Paris, ni ó dáhùn rẹ̀ ní ọdún 1961. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ńlá mẹ́ta ni ó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwé ìròyìn yunifásítì kan tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti dá iṣẹ́ yín padà rí, ẹ gbọ́ o! Ohun tí ó sọ ni pé kí a wo bí agbára tí ó dé ṣóńṣó ìsán ti ń lọ sókè sódò nígbàkigbà tí ẹrù bá dé tí ó sì kúrò. Bí agbára yìí bá di ìlọ́po méjì, ìyára ìsán kò ní di ìlọ́po méjì lásán. Nínú ọ̀pọ̀ irin, yóò di nǹkan bí ìlọ́po 8 títí dé ìlọ́po 16. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí ìsán ti ń gùn sí i ni agbára tí ó ń dé ṣóńṣó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ṣùgbọ́n bí orí bá ti wọlé tán, gbogbo ara kì í pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yí òfin náà padà, kí a wo ìhà tí ìrètí wà. Bí a bá dín agbára tí ó ń dé ṣóńṣó ìsán kù sí ìdajì, ìyára rẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú 8, tàbí ìdá kan nínú 16. Bí a bá sì dín in kù dé ìwọ̀n kan, ìsán náà yóò dúró gbọnin. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: kí agbára tí ó ń ṣí ẹnu ìsán má lè dé ṣóńṣó rẹ̀ bí ó ti wù ú.

Ọgbọ́n kìíní ni ihò. Ẹ wo bébà tí mo mú lọ́wọ́ yìí. Mo ti ya etí rẹ̀ díẹ̀. Bí mo ṣe fà á báyìí, ẹ rí i pé ó ń ya lọ wẹ́rẹ́. Ẹ wá wo èkejì. Mo ti lu ihò róbótó sí ibi tí yíya rẹ̀ parí sí. Ó ń gba agbára púpọ̀ kí ó tó ya. Ohun tí ó mú ṣóńṣó ni agbára ń kórajọ sí. Ohun tí ó yí róbótó a máa tú agbára ká. C. E. Inglis ti ṣe ìṣírò èyí ní ọdún 1913, ìdí nìyẹn sì ni igun fèrèsé fi lè jẹ́ ewu, tí ojú fèrèsé bàálù òde òní fi ń yí bìrìkìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣẹ́ irin ṣe ń fi dìrílì lu ihò sí ṣóńṣó ìsán. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí ní ìlànà tirẹ̀. Ìsán a máa gùn ju ibi tí ojú rí i dé lọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ nu ojú irin mọ́, kí a fi aró pupa tí ó lè wọ inú ojú tẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí a nù ún kúrò, kí a sì da ẹ̀fun ìdánwò lé e, kí aró tí ó sá pamọ́ lè yọ jáde bí ìlà pupa. Ibi tí ìlà náà parí sí gan-an ni ihò gbọ́dọ̀ gbé mì. Bí ihò bá tàsé ṣóńṣó, a kàn fi kún ọgbẹ́ irin ni. Inú ihò náà sì gbọ́dọ̀ dán, nítorí ojú ibi tí dìrílì fi ha irin lè bí ìsán mìíràn.

Ọgbọ́n kejì ni fífún irin pọ̀. Ìsán kò lè rìn bí ẹnu rẹ̀ kò bá ṣí. Bí a bá mú kí ara irin máa fún ìsán pa, ẹrù yóò kọ́kọ́ ṣíṣẹ́ láti borí fífún náà kí ó tó lè ṣí i. Ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n a máa fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọta irin wẹ́wẹ́ lu ojú irin láìmọye, tí ojú náà yóò fi le, tí yóò sì máa fún ara rẹ̀. Àwọn òòlù kéékèèké ni ọta wọ̀nyí jẹ́, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí a bá fẹ́ fi ọwọ́ ṣe yóò pẹ́ jù. Ní ti ihò, wọ́n a máa fa ọ̀pá tí ó sanra ju ihò lọ díẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Irin tí ó yí i ká yóò fẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ti kọjá tán, irin náà yóò fẹ́ padà sí ipò rẹ̀, yóò sì máa fún etí ihò náà bí ẹní di ọ̀já mọ́ ọn.

Ọgbọ́n kẹta yóò dà bí àlọ́ létí yín: ẹrù wúwo kan ṣoṣo lè mú kí ìsán falẹ̀. Bí ẹrù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ bá fa irin lẹ́ẹ̀kan, irin tí ó wà níwájú ṣóńṣó ìsán yóò nà ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ẹrù náà bá kúrò, irin tí ó ti nà yìí kò ní àyè mọ́. Yóò wá máa ti ẹnu ìsán pa. Wolf Elber ṣe àlàyé ní nǹkan bí ọdún 1970 pé ẹnu ìsán lè wà ní pípadé nígbà tí ẹrù ṣì ń fa irin. Ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ ba ilẹ̀ bẹ ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbọ́ wa: èyí kì í ṣe àṣẹ láti di ẹrù àdìjù o! Ẹrù wúwo lẹ́ẹ̀kan, tí onímọ̀ wọ̀n tí ó sì mọ ibi tí yóò dé, ni a ń wí. Ẹrù àdìjù ní gbogbo ọjọ́ ń sáré ìlọ́po 8 tàbí 16 tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ó sì lè kán irin lójú ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n kẹrin ni ó fún mi ní àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Àwọn baba wa ní, "Igbá tó fọ́ ní í gba kasẹ létí, ìkòkò tó fọ́ ní í gba okùn lọ́rùn." Ẹni tí ó ń di igbá kì í wá igbá tuntun, ohun tí yóò gba iṣẹ́ ṣe lórí ojú ibi tí ó sán, kí ibẹ̀ má lè ṣí mọ́, ni ó ń wá. Ní àwọn ọdún 1970, Alan Baker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ọkọ̀ òfuurufú kan ní Melbourne, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ṣe irú kasẹ bẹ́ẹ̀ fún bàálù ọmọ ogun wọn, Hercules àti Mirage. Fọ́nrán boron tí ó le ju irin ara bàálù lọ ni wọ́n fi ṣe àlẹ̀mọ́, àtè líle ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ bo ìsán náà. Èéṣe tí wọn kò fi kan ìrẹ́pé irin mọ́ ọn? Nítorí pé ihò ni ìṣó ń fẹ́, ihò tuntun sì lè di ilé fún ìsán tuntun. Àtè kò fẹ́ ihò. Ó ń gba ẹrù láti ìhà kan ìsán, ó sì ń gbé e kọjá sí ìhà kejì. Àṣírí iṣẹ́ náà wà nínú ìmọ́tótó: bí wọn kò bá tọ́jú ojú irin dáadáa kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ ọn, àlẹ̀mọ́ yóò ṣí.

Nísinsìnyí, a lè padà sídìí ọkọ̀ akẹ́rù wa. Kí ló dé tí irin fi kán ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó? Iná yọ́ irin níbẹ̀. Bí irin tí ó yọ́ ti ń tutù, ó ń fẹ́ kó ara jọ, ṣùgbọ́n irin tútù tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Wọ́n wá ń fa ara wọn láìdákẹ́, kí ẹrù kankan tó gun orí ọkọ̀. Ó jẹ́ òdìkejì ọgbọ́n kejì pátápátá: dípò kí irin máa fún ìsán pa, ńṣe ni ó ń bá ẹrù ṣí i. Ẹ fi kún un pé ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó sábà máa ń ní igun, àti pé bóyá wọn kò lọ ìsán àtijọ́ tán kí wọ́n tó fi irin yíyọ́ bò ó. Ìjàǹbá Alexander L. Kielland jẹ́ ẹ̀rí ńlá fún wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1980, ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ epo yìí dojú dé nínú Òkun Àríwá, ní ìhà ilẹ̀ Nọ́wè. Nínú ènìyàn 212 tí ó wà níbẹ̀, 123 ni ó kú. Ojú jíjó kékeré kan tí kò nípọn ju mílímítà 6 lọ, tí wọ́n fi so ohun èlò kan mọ́ ọ̀pá irin ńlá, ni ìsán náà ti bẹ̀rẹ̀.

N kò wí pé kí a má jó irin mọ́. Mo ní bí a óò bá jó o, kí a wá ṣóńṣó ìsán kàn, kí a lu ihò síbẹ̀, kí a lọ gbogbo ìsán náà kúrò títí kò fi kù, kí a jó o dé ìsàlẹ̀, kí a lọ ojú rẹ̀ kí ó dán, kí a sì fi aró yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Irin mìíràn tilẹ̀ wà tí kò yẹ kí iná kàn rárá. Pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tí ó sọ irin tí ó sán di ọ̀tun. Àyè ni wọ́n ń rà fún wa. Ẹni tí ó bá ra àyè tí kò fi ṣọ́nà, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1988, òrùlé bàálù Boeing 737 kan ṣí dànù lójú òfuurufú ní Hawaii. Ó ti fò ní ìgbà 89,680, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ inú òkun sì ti jẹ ara rẹ̀. Àwọn ìsán kéékèèké ní etí ihò ribẹ́ẹ̀tì ni wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan. Nínú ènìyàn 95, òṣìṣẹ́ bàálù kan ni afẹ́fẹ́ gbé lọ. Èrò kan wà tí ó rí ojú ìsán lára bàálù náà nígbà tí ó ń wọlé. Ó wò ó, ó sì lọ jókòó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí mo kà nípa èrò yẹn, ara mi ni mo rántí. Èmi náà rí awakọ̀ tí ó ń fi ọwọ́ pa abẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ pé ó sán. Mo sì gòkè lọ jókòó.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ọ̀pá kẹ̀kẹ́ tàbí irin ọkọ̀ kan tí ó ti kán, kí ẹ gbé e lọ sí kíláàsì. Bí ó bá jẹ́ pé àárẹ̀ ni ó kán an, àwọn ọmọ lè rí ìhà kan tí ó dán, tí ìlà rẹ̀ tẹ̀ léra bí ìlà tí omi fi sílẹ̀ létí òkun, àti ìhà kan tí ó rí wúruwùru. Ìhà tí ó dán ni ibi tí ìsán ti ń rìn láìsí ẹni tí ó bojú wò ó. Ìhà wúruwùru ni ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn bí ìhà tí ó dán ti fẹ̀ tó. Gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ ni àkókò tí a fi lè dá a dúró, tí a kò dá a dúró. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.